Aṣọ Tí Wọn Kò Fi Sin Ìyé

Léèsì ni wọ́n fi sin ìyá ìyá mi. Léèsì funfun olówó gọbọi, tí Bọ̀ọ̀dá Délé, àbúrò màmá mi, gbé bọ̀ láti Sípéènì. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kabba ń fi ọwọ́ pa á lára, wọ́n ń wí pé ọmọ yìí gbìyànjú. Èmi dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n. Obìnrin tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn kò fẹ́ràn léèsì rí láyé rẹ̀. Ó ní aṣọ tó bá ti ní ihò káàkiri, asẹ́ ni.

Ìyé ni gbogbo wa ń pè é, bí a ṣe ń pe ìyá nílẹ̀ wa. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Irọ́ ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, mo sì mọ àwọn tí kì í gba iwájú ilé wa kọjá nítorí ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa ìwà pẹ̀lẹ́, kó lọ ka ìwé ìsìnkú. Ọ̀rọ̀ obìnrin tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ ní tèmi, àti ohun tí èmi àti ọmọ rẹ̀ ṣe fún un.

Ahunṣọ ni. Bùnù ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sí Kabba, ó sì gbé òfì rẹ̀ wá sílé ọkọ, òfì àwọn obìnrin tí wọ́n ń gbé dúró ti ògiri, tí ahunṣọ á jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kíjìpá ló ń hun. Kì í kánjú, kì í sì í gba ìmọ̀ràn. Bí oníbàárà bá ní kó fi àwọ̀ báyìí báyìí sí i, á ní kó lọ bá télọ̀. Nígbà tí òwú ilé iṣẹ́ kún ọjà, tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rà á, òun ṣì ń ran òwú tirẹ̀. Màmá mi, tíṣà ni, sọ fún un lọ́jọ́ kan pé òwú ọjà rọrùn, ó sì tún ń dán. Ìyé kò gbé ojú sókè.

"Irọ́ náà rọrùn," ló wí.

Ìkíni ló fi ń wọn ènìyàn. "Okun o" ni a fi ń kí ara wa nílẹ̀ wa, àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Ìyé á kí ọ, á sì dúró. Kò ní gbé ẹsẹ̀ títí wàá fi dáhùn. Ọlọ́kadà kan gbé e láti ọjà bọ̀ wálé lọ́jọ́ kan, ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin náà pa ọkọ̀ rẹ̀, ó ń retí kí ìyá sọ̀kalẹ̀. Ìyé kò sọ̀. Ó jókòó sórí ọ̀kadà bí ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo jáde wá bi í pé kí ló dé. Ọlọ́kadà ní òun kò mọ̀, òun kò ṣe nǹkan kan fún màmá o.

"Mo kí i nígbà tí mo gùn ún," ni Ìyé wí. "Mo ṣì ń retí."

Ó tún ní tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ìyé gbà pé Hausa ni èdè ìjọba, ibi yòówù kí ìjọba náà wà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, abẹ́ Àríwá ni wọ́n fi wá sí, gbogbo ẹni tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù wá sí Kabba, ì báà jẹ́ ọlọ́pàá, ì báà jẹ́ agbowó orí, Hausa ló ń sọ. Tirẹ̀ kò ju ogún ọ̀rọ̀ lọ, kì í sì í ná an lásán. Yunifọ́ọ̀mù ló ń tọ́jú rẹ̀ dè. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Málaga ní Sípéènì, tí ọmọbìnrin òyìnbó kan fẹ́ yẹ ìwé ìrìnnà wa wò, Ìyé tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ránkàdédé, sànnú." Ọmọbìnrin náà wojú mi. Ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé mi mì. Mo sọ ọ́ sí i létí pé, Ìyé, wọn kì í sọ Hausa níbí.

"Ṣé kò wọ yunifọ́ọ̀mù ni?" ló bi mí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti aṣọ náà. Ìyé hun kíjìpá kan tí kò tà, tí kò sì ró rí. Funfun ni, ó fi òwú aró fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí rẹ̀ méjèèjì. Aṣọ tí a ó fi sin ín ni. Tọkàntọkàn ló fi hun ún, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Pásítọ̀ tó wà nígbà náà gbọ́, ó wá sílé, ó ní ìwà kèfèrí ni kí Kristẹni máa tọ́jú aṣọ òkú. Ìyé bu omi fún un. Ó dúró kó mu ún tán. Ó ní, "Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi di Jésù. Ṣé lójijì ló hu lára rẹ̀ ni?" Pásítọ̀ kò tún sọ̀rọ̀ aṣọ mọ́.

Ibi tó bá ti jìnnà ju Lọ́kọ́ja lọ, Ìyé ń gbé aṣọ yẹn dání lọ. Bí ó ń lọ sí Ìlọrin kí ọmọ tuntun, ó wà nínú báàgì. Ohun tó fà á nìyí: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ wa kùsà ní Jọ́ọ̀sì, ó kú síbẹ̀, ìròyìn rẹ̀ dé lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín tipẹ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí wọ́n fi wé e, tàbí ẹni tó jókòó tì í. Ìyé kò gbàgbé. Lọ́dún kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan dojú dé létí oko wa ní ọ̀nà Òbájáná, ẹnìkan kú nínú rẹ̀, àjèjì pátápátá. Gbogbo ènìyàn wò, wọ́n pòṣé, wọ́n lọ. Ìyé gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó ti òkú náà nínú oòrùn títí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi dé nírọ̀lẹ́. Iṣu tí a fẹ́ wà lọ́jọ́ náà, a kò wà á. Mo kùn. Ebi ń pa mí.

"A kì í fi òkú sílẹ̀ lóun nìkan," ló wí. "Kò ní lè lé eṣinṣin."

Ọdún tó hun aṣọ náà kì í ṣe ọdún lásán. Bọ̀ọ̀dá Délé kúrò nílé, ó ní Èkó ni òun ń lọ wáṣẹ́, a kò sì gbúròó rẹ̀ fún bí ọdún kan. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Ìyé kò sunkún, ó ní ẹkún kì í jìnnà sójú òpùrọ́. Ó jókòó sídìí òfì. Nígbà tí ìpè rẹ̀ wá dé láti Sípéènì, aṣọ náà ti parí. Bọ̀ọ̀dá sọ fún wa pé ọkọ̀ òfuurufú lòun wọ̀, pé ilé iṣẹ́ kan ló mú òun lọ. A dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyé dúpẹ́ pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń wo fóònù náà bí ẹni tó ń wo oníbàárà tí kò dáhùn ìkíni.

Bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Bọ̀ọ̀dá ní kí a wá kí òun. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti pé, ó ti ní ilé àti iṣẹ́ gidi. Èmi ni mo tẹ̀lé Ìyé lọ, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún wa. Nígbà tó ń bá wa tú ẹrù, ó kan aṣọ náà. Inú bí i. "Ìyé, ṣé ẹ wá kú sí mi lọ́rùn níbí ni?"

"Bí mo bá fẹ́ kú," ni Ìyé wí, "mi ò ní kọ́kọ́ wọ bàálù."

Ó fẹ́ ṣe ohun tó máa dùn mọ́ ìyá rẹ̀ nínú, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò fẹ́. Ó yá ọkọ̀ kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gbafẹ́ kiri etí òkun. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, tábìlì wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. "Ilé onítáyà" ni Ìyé pè é. Kí a tó gbéra, ó gba ìgbálẹ̀, ó gbá inú rẹ̀, ó ní òun kì í wọ ilé onílé kí òun má tọ́jú rẹ̀. Ó ti báàgì rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi náà mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo sì fi báàgì tèmi dí i.

A kúrò ní Málaga láàárọ̀, a kọrí sí Almería, òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa. Inú Bọ̀ọ̀dá ń dùn. "Ìyé, ẹ wo òkun o."

"Mo ti rí i," ni Ìyé wí. "Ó pọ̀."

Ó jókòó sídìí fèrèsé, ó ń kí àwọn ènìyàn létí ọ̀nà, ó ń yíjú wẹ̀yìn retí èsì. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn wákàtí bí mélòó kan, ilẹ̀ yí padà, ọ̀rá funfun bo gbogbo rẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè títí dé etí omi. Ìyé bi í pé kí ni wọ́n bò mọ́bẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní tòmátò ni, abẹ́ ọ̀rá ni wọ́n ń gbìn ín sí.

"Tòmátò ni wọ́n sé mọ́lé báyìí?"

"Mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, Ìyé. Ooru ibẹ̀ kò ṣeé sọ."

Kò sọ ọ́ fún wa rí. Ilé iṣẹ́ tó mú un lọ la mọ̀. Ìyé ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ bó ṣe ń wakọ̀ lọ.

A dúró jẹun létí òkun kékeré kan tí kò sí èrò níbẹ̀. Mo ń ro ẹ̀bà lórí sítóòfù nígbà tí Ìyé sọ̀kalẹ̀. Mo rí i láti ojú fèrèsé tó ń rìn lọ síbi tí àwọn òyìnbó bíi márùn-ún dúró sí létí omi. Mo sáré tẹ̀lé e. Òkú ọkùnrin kan ni, ọ̀dọ́, ènìyàn dúdú bíi tiwa. Omi ló gbé e jù síbẹ̀. Ẹnìkan ti fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó, táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń nura létí òkun, tí wọ́n ya àwòrán àgbọn sí. Kò gùn tó o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níta, ìbọ̀sẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ kan.

Bọ̀ọ̀dá Délé kò sún mọ́ ọn. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní, "Wọ́n ti pe ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ìyé yí padà, ó gba ọ̀nà ọkọ̀ lọ. Mo rò pé ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu ni. Ó jáde wá pẹ̀lú aṣọ náà. Ó ṣí i, ó tẹ́ ẹ lé ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ki etí rẹ̀ sábẹ́ gìgísẹ̀ méjèèjì kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Ó wá jókòó sórí yanrìn.

"Okun o," ló sọ fún un. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó kí ènìyàn tí kò dúró de èsì nìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá sún mọ́ wa wàyí. "Ìyé, aṣọ yín nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ kò mọ ẹni náà rí."

"Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó ń retí fóònù níbì kan." Ó gbé ojú sókè wò ó. "Délé, irú ọkọ̀ wo lo wọ̀ wá síbí?"

 Bọ̀ọ̀dá fi ẹsẹ̀ tú yanrìn. "Ọkọ̀ ojú omi ni, Ìyé. Gbogbo wa kọ́ la dé."

"Ìwọ dé," ni Ìyé wí, ó sì yí ojú rẹ̀ padà sí òkú náà.

Bóyá ì bá dára tó bá parí síbẹ̀. A gbọ́ fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá láti ọ̀nà jíjìn. Ojú Bọ̀ọ̀dá yí padà. Ìwé rẹ̀ pé, kò ṣẹ̀ sí òfin kankan, ṣùgbọ́n ó ti fi ọdún púpọ̀ sá fún fèrè yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé ìwé ti dé. Ó ní kí Ìyé dìde. Ìyé ní rárá, kí wọ́n dé ná, kí òun fi í lé wọn lọ́wọ́, òun mọ bí òun á ṣe kí wọn. Mo mọ Hausa tó fẹ́ sọ. Ní ọjọ́ mìíràn, ì bá pa mí lẹ́rìn-ín.

"Fúnmi," ni Bọ̀ọ̀dá wí fún mi, "gbé e."

Mo sì gbé e. Mi ò ní purọ́ fún yín, kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi. Bọ̀ọ̀dá ti ṣèlérí pé òun á wá iléèwé tí màá lọ níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ó bínú sí mi. Iléèwé náà kò bọ́ sí i títí dòní, ohun ẹ̀rín sì ni. Mo ki ọwọ́ bọ ìyá ìyá mi lábíyá, mo fà á dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Kò wúwo. Kò bá mi jà. Obìnrin tí ń bá gbogbo ayé jà, kò bá mi jà. A gbé e sínú ilé onítáyà, Bọ̀ọ̀dá sì sáré wa ọkọ̀ lọ.

Ìyé dojú kọ fèrèsé ẹ̀yìn. Etí òkun náà ń kéré lọ, funfun aṣọ náà ń kéré lọ. Ó ní, "Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ báyìí?"

 Bọ̀ọ̀dá ní òun á ra aṣọ mìíràn fún un, èyí tó dára jù ú lọ.

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́," ni Ìyé wí.

Ó bi wá léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó délé. A padà sí Kabba, ó ṣì ń bi mí. Mo lè máa bó iṣu, á kàn ní, "Fúnmi, ta ló wà pẹ̀lú ọmọ yẹn?" Màá ní, "Ìyé, wọ́n ti sin ín." Á ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Lẹ́ẹ̀kan, inú bí mi, mo ní tí aṣọ ló ń dùn ún, kó sọ ọ́. Ó wò mí títí. "Aṣọ tí a bá ti fi bo òkú ti di tòkú," ló wí. "Ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe aṣọ."

Ó tún gbé òfì dúró. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ló fi ń tọ́ òwú wò. Ó ní kí n wá jókòó, kí òun kọ́ mi, ojú mi àti ọwọ́ òun á parí rẹ̀. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ń wáṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, mo ń lọ, mo ń bọ̀, fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà gba ọdún méjì. Òun nìkan ló ń hun ún lọ. Nígbà tó kú, láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ohun tó wà lórí òfì kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Bọ̀ọ̀dá Délé ní kí wọ́n dúró de òun. Wọ́n gbé Ìyé lọ sí mọ́ṣúárì ní Lọ́kọ́ja, ó sì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún níbẹ̀. Wọ́n kun ilé, wọ́n tẹ ìwé ìsìnkú, wọ́n ń bá oníkánópì dúnàádúrà. Màmá mi ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń ṣe báyìí. Òótọ́ ni. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, mo bẹ ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pé kó jẹ́ kí n jókòó tì í díẹ̀. Ó ní a kì í jókòó níbẹ̀. Èmi, ọmọ ọmọ obìnrin tó jókòó sórí ọ̀kadà títí wọ́n fi dá a lóhùn, mo ní ẹ ṣeun sà, mo lọ wọ ọkọ̀.

Láàárọ̀ ìsìnkú ni mo fi ọ̀bẹ gé ohun tó wà lórí òfì. Mo gbé e wọ yàrá. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ni èyí, kí n má fi àkísà ba léèsì jẹ́.  Mo lọ sídìí ẹsẹ̀ Ìyé, mo tẹ́ ẹ síbẹ̀, mo ki etí rẹ̀ sábẹ́ gìgísẹ̀ méjèèjì.

Bọ̀ọ̀dá Délé dúró lẹ́yìn mi. "Ìyẹn kò lè bò ó," ló wí.

"Ó tó ẹsẹ̀," mo wí.

Ó mọ ohun tí mo sọ. Ó jáde síta, mi ò rí i mọ́ títí wọ́n fi kan pósí pa. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn èrò ti túká, ó wá jókòó tì mí ní iwájú ilé. Ojú rẹ̀ pọ́n. "A gbìyànjú, Fúnmi," ló wí. "A sin ín dáadáa."

Mo bi í pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí Ìyé fi wà nínú yàrá tútù yẹn, ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo wá dúró, bí Ìyé ṣe máa ń dúró. Ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀, mo ṣì ń retí.